Ohun Tí Ọkọ Mi Pè Mí Létí Odò

Nínú agboolé tí a háyà yàrá sí ní àdúgbò Kabawa, lẹ́yìn ogun, kò sí obìnrin tí kò ní ohun tó ń pe ọkọ rẹ̀ àfi èmi. Ìyàwó Haúsá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa ń pe tirẹ̀ ní maigida, ìyẹn baálé lédè wọn. Ìyá Ìlọrin tó ń ta aṣọ ń pe tirẹ̀ ní Bàbá Àgbà, torí ọmọ wọn náà ti bímọ. Ìyàwó akọ̀wé kan ń pe ọkọ rẹ̀ ní Dáádì, ó sì máa ń fà á gùn kí gbogbo wa lè mọ̀ pé òun kàwé.

Èmi náà kàwé. Tíṣà ni mí, ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń kọ́ ní a-bí-dí. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi kò tíì dé, bẹ́ẹ̀ nílé wa ní Ìjùmú, ọmọ ló ń fún ìyàwó ní orúkọ tó máa pe ọkọ rẹ̀. Ìyàwó kì í la ẹnu pe ọkọ lórúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn àbúrò ọkọ mi pàápàá, mi ò gbọdọ̀ pè wọ́n lórúkọ. Mo sọ ọ̀kan ní Akọ̀wé, mo sọ èkejì ní Adúmáradán. Ìyá ọkọ mi máa ń sọ pé òun kò tíì rí ìyàwó tó mọ orúkọ́ sọ bí èmi.

Fún ọkọ mi fúnra rẹ̀, "Ẹ gbọ́ o" ni. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, "Ẹ gbọ́ o." Bí òjò bá ṣú, "Ẹ gbọ́ o, ẹ ká aṣọ yín." Mo gbìyànjú Dáádì lẹ́ẹ̀kan, ojú ara mi tì mí. Dáádì ta ni? Mo gbìyànjú Olówó-orí-mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́, ó ní ṣé orí ìtàgé la wà ni. Olólùfẹ́, orin ni wọ́n ń fi kọ. Kí wá ni obìnrin tí kò bímọ ń pe ọkùnrin tó fẹ́ràn? Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbẹ̀. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, inú mi ti dùn.

Òun kò ní irú wàhálà yẹn. "Ìyàwó mi" ló ń pè mí, tàárọ̀ tọ̀sán. Òun ló tún máa ń lọ sí ọjà Kpata létí odò lọ ra ẹja wá fún mi, mo sì máa ń fi yangàn fún àwọn obìnrin agboolé. Mo ní kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn maigida tiwọn.

Ní Sátidé kan, àlejò ń bọ̀ láti ilé, mo ní mo fẹ́ fi ojú ara mi ṣa ẹja. Ó ní ilẹ̀ etí odò ń yọ̀. Mo ní mo ti ń tẹ ilẹ̀ tó ń yọ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n. A jọ lọ.

A kò tíì dé ìdí agbọ̀n ẹja tí obìnrin Nupe kan fi pariwo: "Haba, Bàbá Ìbejì! Ẹ ti pa wá tì!"

Mo fẹ́ wo ẹni tí Ọlọ́run ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún. Kí n tó yíjú, ọkọ mi ti yí tirẹ̀. Ó yí i bí ẹni tó ti ń jẹ́ orúkọ náà tipẹ́.

"Àwọn Ìbejì ńkọ́?" Obìnrin náà ń ha ìpẹ́ ẹja lọ. "Èyí tí inú ń run níjọ́sí, ṣé ó ti gbádùn?"

"Ó ti gbádùn," ni ọkọ mi wí.

Etí mi dí. Mo rí i tí ẹnu obìnrin náà ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi wà nínú ẹrẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó tutù tàbí ó gbóná. Ìbejì! Ẹyọ kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí etí mi là, èmi ni obìnrin náà ń na ọ̀bẹ ẹja rẹ̀ sí. "Ta lèyí? Àbúrò yín ni?"

Mo dúró. Mi ò ní parọ́, mo tiẹ̀ gbàgbé ìbejì díẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé, bó bá lè pè mí níbí ní ohun tó ń pè mí nílé, màá fara da ìyókù. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti gba orogún. Ìyá tó bí mi gbà á.

Ọkọ mi wo odò. Ó wo ẹja. Ó ní, "Ará ilé mi ni."

Ará ilé! Ewúrẹ́ ìyá Ìlọrin náà, ará ilé wa ni.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí mi. "Sannu, Àǹtí Ìbejì." Ó mú ẹja kékeré méjì lé tiwa lórí, ó ní jàrá àwọn ọmọ ni, kí n bá òun fún wọn. Mo gbà á, mo sì dúpẹ́. Títí dòní, ìdúpẹ́ yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu. Orí mi ti fò lọ, ẹnu mi ń dúpẹ́.

A gbé ẹja náà délé. Ará Yagba tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí wa, "Òkun o, ẹ kú ọjà," mo dáhùn. Mo fọ ẹja, mo fi iyọ̀ ra á, ti ìbejì wà láàárín rẹ̀. Ọkọ mi pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Àdúgbò Karaworo ni ìyá àwọn ìbejì ń gbé. Ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọ́n ti ń rìn, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ìyá òun mọ̀. Àwọn àbúrò òun mọ̀. Akọ̀wé mọ̀! Adúmáradán, tó jẹ ìrẹsì nílé mi ní Kérésì, mọ̀!

Ó ní ọjọ́ tí òun máa sọ fún mi ni òun ń wá. Ó ní kò sí ohun tó yí padà, èmi ni ìyáálé, ọmọ mi làwọn ọmọ náà. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí n máa pe òun ní Bàbá Ìbejì láti òní lọ, ṣebí orúkọ ni mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí.

Mo wò ó. Ó rò pé ẹ̀bùn ni òun fún mi.

Mo ní, "Kí ni mo jẹ́ sí yín?"

"Ìyàwó mi ni ọ́!" Kíá ló wí i. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó mi. Ìyàwó mi àtàtà. Ṣé kì í ṣe ohun tí mò ń pè ọ́ lójoojúmọ́ ni?"

Ohùn ìsàlẹ̀ ló fi ń wí i, kí àwọn tó wà lóde má bàa gbọ́. Mo yọ ọwọ́ mi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Èmi kọ́ ló bi yín léèrè létí odò."