Ọjọ́ tí Ẹ̀gẹ́ Ìyá Sàrátù Dúdú Sínú Ọkọ̀ Mi

Ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù mi kú sí Lálúpọn, tòun ti ẹ̀gẹ́ tí mo ń bá Ìyá Sàrátù gbé lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń rà á, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Láàárọ̀, bátìrì kú pátápátá. Ràsákì, rẹwáyà tó máa ń bá wa tún iná ọkọ̀ ṣe, ní ọtanétọ̀ ni kò fún bátìrì níná mọ́. Ó fi ọtanétọ̀ mìíràn sí i, a gba iná lára ọkọ̀ mìíràn, ẹ́ńjìnì sì dáhùn. A kò tíì rìn jìnnà tó tún fi kú. Ó fi ọtanétọ̀ kẹta sí i, pàbó ló já sí.

Oòrùn ti mú. Ìyá Sàrátù ṣẹ́ ẹ̀gẹ́ kan wò.

"Dírẹ́bà, ó ti ń dúdú nínú o!"

Inú bí mi. Mo jágbe mọ́ Ràsákì: "Ṣé gbogbo ọtanétọ̀ ayé ló bàjẹ́ ni? Yẹ wáyà wò!"

Ó bẹ́ wáyà tó lọ sídìí bátìrì. Rọ́bà ara rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti di lúbúlúbú. Ó pààrọ̀ rẹ̀ kíá, ọkọ̀ ò sì kú mọ́.

Nígbà tí a fi máa dé ilé iṣẹ́, ẹ̀gẹ́ náà ti dúdú, wọn ò gbà á.

"Ẹ jẹ́ ká padà," ni Ìyá Sàrátù wí. "Màá fi ṣe láfún."

Kò bú mi rárá. Ì bá sàn kó bú mi.