Ọjọ́ Tí Bọ̀dá Gbénga Wọ Inú Àgbá Kíkan

Ọjọ́ tí Bọ̀dá Gbénga wọ inú àgbá ńlá kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ní ilé-iṣẹ́ wa ní Ìkìrun, inú rẹ̀ ni omi ṣúgà dúdú ti máa ń bu títí yóò fi kan, kí a tó fi ṣe èròjà kíkan inú mínírà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bọ̀dá Gbénga so okùn mọ́dìí, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ fọ àgbá náà. Wọ́n ń kọrin. Lójijì, orin dákẹ́. Mo pè títí, ohùn mi nìkan ni àgbá ń dá padà. Mo fẹ́ wọlé, ọ̀gá wa dì mí mú.

"Má wọ̀ ọ́! Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń pani!"

A fi okùn fà wọ́n jáde. Nígbà tí wọ́n lajú, wọ́n ní, "Ìyá tó ń gberin mi ńkọ́? Ẹ ò tíì fà wọ́n jáde?"

Kò sí ìyá kankan níbẹ̀. Ọ̀gá wa ní afẹ́fẹ́ náà ló dà wọ́n lórí rú. Mo gbà, ṣùgbọ́n n kò yọjú wo inú àgbá mọ́.