Pákó Tí Ikán Kò Jẹ

Orí ahọ́n ni mo ti kọ́kọ́ mọ èéfín náà, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ó korò, ó sì ń ta ẹnu bí ìgbà tí ọmọdé bá lá orí bátìrì. Mo yọ ahọ́n síta kí n tún tọ́ ọ wò, nítorí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èéfín ní ìtọ́wò. Màmá tó jókòó tì mí wo ẹnu mi, ó wo inú ààrò. Iná tó ń yọ lábẹ́ ìkòkò ẹ̀wà ti ní àwọ̀ ewé létí. Ó dìde lójijì débi pé àpótí rẹ̀ ṣubú.

"Jáde níbẹ̀! Má mí in sínú!"

Màmá yìí kì í ṣe ẹbí wa. Èkìtì ló ti wá. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa nínú ilé kan ní Ìsọlọ̀, gbogbo ayálégbé sì jọ ń lo ilé ìdáná onípáànù tó wà lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló máa ń gbóòórùn igi kó tó dáná. Yóò gbé e sí imú bí ẹni tó ń ra ẹja, yóò fi èékánná ha èèpo rẹ̀, yóò lù ú mọ́ òkúta, yóò wá dẹtí. Èyí tí kò bá tíì gbẹ yóò padà sínú oòrùn. Abọ́ yanrìn kan kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò rẹ̀. Bí òjò tilẹ̀ ń fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀, kì í ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, kí lẹ ń gbọ́ lára igi?"

"Mò ń bi í pé ibo ló ti wá. Alátojúbọ̀, lọ bomi wá."

Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, òjò ti rẹ gbogbo igi wa. Bàbá onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ òrùlé, ó sì ní kí a máa fi pákó àtijọ́ dáná. "Ọ̀fẹ́ ni o!" Pákó náà gbẹ táútáú, inú gbogbo ilé dùn. Màmá gbóòórùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn ti dí i nímú.

Ó da yanrìn bo iná, ó sì da ẹ̀wà náà sí gọ́tà, tòun ti epo.

"Màmá, gbogbo ẹ̀wà yẹn?" ni ìyá mi kígbe.

"Ẹ̀wà ni mo dà nù. N kò da ọmọ nù."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àyà mi ti ń han, n kò lè mí délẹ̀. Ilé ìwòsàn ni mo sùn, lórí ìjókòó, nítorí mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀.

Nígbà tí mo padà sílé, òkìtì pákó náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màmá gbé àpótí rẹ̀ síwájú rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ọ̀kan. Èmi náà kì í gbójú kúrò níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣáná, èmi á sá lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá onílé rí i. "Ìyá Èkìtì, ẹ ti di ọlọ́dẹ pákó! Èéfín wo ni kì í ta ojú?"

"Ẹ bá mi rò ó wò, Bàbá. Ikán jẹ férémù ilẹ̀kùn yín. Ó jẹ àpótí mi. Ó jẹ ìwé ọmọ yìí. Pákó yín wà lókè yẹn láti ìgbà tí ẹ ti kọ́lé, ikán kò fẹnu kàn án. Kí ló rí tó fi sá?"

Bàbá onílé fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò rín in. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ ha pákó kan, inú rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé.

"Oògùn ikán ni," ó ní. "Èmi fúnra mi ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Ó bó mi lọ́wọ́. Mo ti gbàgbé pátápátá." Ó wá wò mí. "Ọmọ yìí ló mí in sínú?"

Ó pe ọkọ̀ akólẹ̀. Màmá kó eérú inú ààrò sínú ọ̀rá, ó so ó, ó fi lé àwọn akólẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ má sun ún o! Ẹ ò gbọdọ̀ sun ún!" Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ náà fi yà sí ọ̀nà Èjìgbò.

Lẹ́yìn náà ló dáná mìíràn. Mi ò lè wọ ilé ìdáná. Ó mú igi kan wá sọ́dọ̀ mi, ó gbé e sí mi nímú.

"Kí lo gbọ́?"

"Igi."

"Igi nìkan?"

Mo tún un gbọ́ dáadáa. "Igi nìkan, Màmá."

Mo wọlé, mo jókòó.

Gáàsì ni mò ń lò báyìí. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kò lè tanná láìkọ́kọ́ ṣí fèrèsé kí n sì na imú. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè Màmá ni mò ń dáhùn, n kì í sì í ṣáná títí n ó fi dáhùn rẹ̀ tán.