Omi Gbígbóná Lórí Ojú Abẹ

Òórùn egbò Bùkọ́lá ló kọ́kọ́ wọ wọ́ọ̀dù wa kí òun gan-an tó wọlé. Kò tíì ju ọjọ́ mẹ́fà lọ tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, òun àti ọmọ tuntun tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde, tí wọ́n padà sílé wọn ní Katy, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Houston. Mo rí ojú abẹ náà tó ti yà, tó ń ṣọyún. Mo ní, "Yéè, mo gbé!"

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston láàárín àwọn ọdún 1980. Èmi ni mo máa ń ka ìwé ìkìlọ̀ sétí ìyá ọlọ́mọ kó tó lọlé: kí ojú abẹ máa gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá wa, obìnrin Amẹ́ríkà tí kì í rẹ́rìn-ín, ti kìlọ̀ fún mi pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí n máa sọ lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí Bùkọ́lá ń lọlé, ó dúró tì mí gbagidi. Èmi náà wá ń fimú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sí Texas, ojú ayé lásán. Bùkọ́lá ń tòògbé. Ìyá rẹ̀, tó ti Iléṣà wá tọ́jú rẹ̀, kàn ń mi orí ni: "Yẹ́ẹ̀sì, yẹ́ẹ̀sì." Mo mọ̀ dájú pé Màmá ò gbọ́ ìkankan. Mo sì fọwọ́ síwèé pé wọ́n ti gbọ́.

Ta ni kò mọ ohun tí ìyá ń ṣe nílé wa bí ọmọ bá bímọ? Aṣọ ìnura nínú omi gbígbóná, wọ́n á fi máa tẹ ikùn láàárọ̀ lálẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ tó kù lè jáde.

"Àǹtí, mo ní ó ń dùn mí," Bùkọ́lá sọ fún mi bí mo ṣe ń fi omi iyọ̀ fọ egbò náà. "Màámi ní kí n pa á mọ́ra, pé bí wọ́n ṣe ṣe é fún àwọn náà nìyẹn."

Àrùn wọ ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Bùkọ́lá kú.

Màmá pọn ọmọ náà, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, bá mi sọ òótọ́. Lọ́jọ́ tí à ń lọlé, ṣé o ní kí n má tẹ̀ ẹ́, tí mi ò gbọ́ ni?"

Ẹ̀rù bà mí kí iṣẹ́ má lọ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Mo sọ ọ́."

Títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ń fi Yorùbá pariwo ìkìlọ̀ yẹn sétí gbogbo ìyá wa tó bá dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀gá bínú títí, ó sú u. Màmá ti kú ní Iléṣà. Wọ́n ní títí ó fi kú, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé wọ́n kìlọ̀ fún òun, pé òun ni òun ò gbọ́.