Póòpù Tí Ọláfúnkẹ́ Fi Pamọ́

Ọjọ́ méjì péré ni àwọn kádínà fi yan Póòpù ní Róòmù lọ́dún 2025. Nínú yàrá kan lẹ́yìn Airport Road, ní Bìní, ọjọ́ mẹ́tàlélógún ló gbà, Ọláfúnkẹ́ ló sì fà á. Ẹ má tíì bú u o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ìkòkò àti abọ́ ni Ọláfúnkẹ́ ń tà ní ọjà Ekiosa. Opó ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ẹniọlá, gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Pidgin ló fi ń dáhùn. Bàbá tó bí Ọláfúnkẹ́, Fọláránmi ará Ìkẹ́rẹ́, tó fi ogójì ọdún ṣe kátíkísì ní ìjọ Àgùdà, nìkan ló kù tó ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Bàbá yìí wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Dókítà ní kí wọ́n kúkú máa gbé e lọ sílé.

Ọjọ́ kejì Àjíǹde ni Póòpù kú. Bàbá gbọ́ ọ nínú rédíò, ó kígbe: "Háà! Mi ò lè lọ mọ́ nìyẹn. Ọwọ́ Póòpù ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀run wà. Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún mi?" Fada tó wá bẹ̀ ẹ́ wò rẹ́rìn-ín, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ní ọmọdé ń ṣe Fada.

Inú Ọláfúnkẹ́ dùn débi pé ojú tì í. Ṣebí bàbá yìí ló kọ́ ọ ní kékeré pé ìgbà kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n fi bí ọdún mẹ́ta wá Póòpù, tí ará ìlú fi ti àwọn kádínà mọ́lé, tí wọ́n sì ṣí òrùlé kúrò lórí wọn. Ọdún mẹ́ta! Gbogbo ìjọ ń gbàdúrà kó tètè yá, òun ń gbàdúrà kí wọ́n máa jà.

Ọjọ́rú tí àwọn kádínà wọlé ìbò, èéfín dúdú: wọn ò tíì rí Póòpù yàn. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, dúdú. Ó kọjá aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ tí Jayéọlá, tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, na fóònù sí i: "Ìyá Ẹniọlá, ẹ kú oríire o! Èéfín yín ti funfun!"

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ bí òun ṣe wọ kẹ̀kẹ́ délé. Ó yọ bátìrì rédíò, ó kìlọ̀ fún Ẹniọlá, ó wá wọlé tọ bàbá.

"Èéfín ńkọ́, Àbẹ̀kẹ́?"

"Dúdú ni, Bàbá."

Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn. Àwọn tó ń gbé Ara Olúwa wá fún bàbá, ẹnu géètì ló ti ń dá wọn padà, pé ó ń sùn. Ó dùn ún wọra, ó sì ń ṣe é.

Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá ò jẹun mọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó kọ omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù dé orúnkún, yàrá náà sì ń tutù nínú ooru Bìní. Ẹniọlá kò wọbẹ̀ mọ́. "Mummy, Grandpa no dey breathe when e dey talk." Síbẹ̀, gbogbo ìrọ̀lẹ́, ohùn bàbá á jáde ketekete: "Èéfín ńkọ́, Àbẹ̀kẹ́?"

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, nọ́ọ̀sì àdúgbò wá. Ó di ọrùn ọwọ́ bàbá mú, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ lé àyà rẹ̀, ó gbé e pẹ́. Ló bá rọra kó àpò rẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn jáde. "Madam, this Papa don go since. Wetin e dey wait for?"

Ọláfúnkẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì fẹ́ràn bàbá rẹ̀.

"Èéfín ńkọ́, Àbẹ̀kẹ́?"

Ó la ẹnu láti sọ pé dúdú ni, òótọ́ ló jáde. "Funfun ni, Bàbá. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ni mo fi pamọ́. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ. Ẹ foríjì mí."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n wá sọ fún mi. Mo ní kí wọ́n jókòó ná, pé ìwọ ni yóò fẹnu ara rẹ ní kí n máa lọ."

"Àwọn wo, Bàbá?"

Bàbá pa ojú dé, ó sì lọ. Lẹ́yìn Ọláfúnkẹ́, àga ike méjì tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dún, bí ìgbà tí ẹni tó ti jókòó pẹ́ bá dìde.