Ta Ló Sùn Síbẹ̀? Ẹjọ́ Ìwé Mẹ́tàdínlógún Àáfà Abdulwaris

Àáfà Abdulwaris kú ní Àlàmísì tó kọjá, ní ilé rẹ̀ ní àdúgbò Basin, Ìlọrin, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Kí a tó kírun àìlà, a ti sin ín. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. N kò bá dókítà jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó mú ẹ̀jẹ̀ náà ru, àwọn kan sì mọ̀ ọ́n ní GRA, níbi tí fáànù ti ń fẹ́ sí wọn lára bí ẹ ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yìí.

Bí táyà ọkọ̀ yín bá ti jò rí ní Táíwò Road láti ogójì ọdún wá, ó ṣeé ṣe kí ẹ mọ̀ ọ́n. Fọkanáísà ni. Ó ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ọpọ́n omi tó fi ń wá ibi tó ti jò, àti bẹ́ǹṣì kan fún oníbàárà. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ló ti máa ń fi ọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò. Ará ilé wo ni yín? Kànga ta ni wọ́n ń pọn nílé yín? Ta ló gbin igi ẹnu ọ̀nà? Èyí tó máa ń bi wá jù ni: "Ta ló sùn síbẹ̀?" Nítorí ní Ìlọrin àtijọ́, inú agbo-ilé ni a ń sin òkú sí. Bí ilé bá wó, tí a tún un kọ́, ẹni tó sùn sábẹ́ yàrá lè di ẹni ìgbàgbé.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, ìpàdé ni mo ń kánjú lọ, mo sì ń kanra. Mo dárúkọ agbo-ilé wa kó lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Háà! Ẹ̀yin lọmọ-ọmọ Aishah amọ̀kòkò! Ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án sí kànga yín, níhà ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ ló wà."

Ìyá tó bí bàbá mi ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbé lórí ilẹ̀ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ń gbé ọkọ̀ mi sí. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà n kò gbé ọkọ̀ síbẹ̀ mọ́.

Gbogbo ohun tó bá gbọ́ ló ń kọ. Kò lọ sílé-ẹ̀kọ́ gẹ̀ẹ́sì, ilé kéú nìkan ló lọ, nítorí náà ànjẹ̀mí ló fi ń kọ ọ́: Yorùbá ẹnu wa tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Bísímílà ló sì fi ń ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ kéú tó gbẹ̀kọ́. Ìwé mẹ́tàdínlógún. Àwọn kànga, àwọn mọ́ṣáláṣí kéékèèké, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilé dó, àti òkú, òkú, òkú, pẹ̀lú iye ẹsẹ̀ láti ara ògiri tàbí ìdí igi.

Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ó bi mí níbi tí òun lè kó wọn pamọ́ sí. Èmi tí mo lọ sí yunifásítì, èmi ni mo ní kó kó wọn lọ sí Ọ́fíìsì Ìpamọ́ Ìtàn ní GRA. Ọkọ̀ mi ni mo fi gbé e lọ. Wọ́n ya wá ní fọ́tò, wọ́n fún Bàbá ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ní ìlú kò ní í gbàgbé rẹ̀ láéláé. Láéláé náà kò ju ọdún mẹ́ta lọ.

Lóṣù tó kọjá, katakata wọ agbo-ilé kan lẹ́yìn Ọjà Ọba láti fẹ ọ̀nà. Wọ́n ní ìdílé tó bá lè fi sàréè rẹ̀ hàn, àwọn yóò dúró kí wọ́n kó o kúrò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyá Bàríkísù, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, gun ọ̀kadà wá bá Bàbá. Ilẹ̀ yẹn ni wọ́n sin ìyá tó bí i sí. Orí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ló kú sí, kò sì sí alààyè kan tó mọ ojú ibẹ̀ mọ́. Bàbá ní kó fọkàn balẹ̀, ó wà nínú ìwé karùn-ún.

Bàbá àti Salimat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gba GRA lọ. Salimat ló sọ bó ṣe rí fún mi. Òrùlé yàrá ìpamọ́ ti ń jò láti ọdún tó kọjá, omi sì ti ba àwọn ìwé náà jẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí Bàbá dáadáa kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn òṣìṣẹ́ wa rí bísímílà níwájú ìwé, wọ́n ní al-Kùránì ni. A ò lè da ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun sí àkìtàn, àbí? A ṣe é bí sàríà ṣe ní ká ṣe tírà tó bá ti gbó. A jó o."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Bàbá. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni."

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀! Ẹ wá bá mi wo ọ̀wọ̀. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kò jẹ́ kí wọ́n ju ìwé sí àkìtàn, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n tún òrùlé ṣe? Ìlà kìíní ni wọ́n kà. Ìlà kejì, Yorùbá pọ́ńbélé ni: "Èyí ni ìwé àwọn tó sùn sí Ìlọrin, kí àwọn ọmọ wọn má baà tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀." Ní Ìlọrin, níbi tó jẹ́ pé bí o bá ju òkúta sọ́jà, àáfà ni yóò bà, wọn kò rí ẹnì kan pè wọlé kó ka ìlà kejì? Wọn kò lè pe Bàbá lórí fóònù? Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára páálí tí a fi kó àwọn ìwé náà wá, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Èmi náà kò sì yà wo àwọn ìwé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹ kọ orúkọ mi mọ́ tiwọn.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá lọ sí agbo-ilé náà, mo tẹ̀lé e. Ó dúró létí kànga, ó ka ẹsẹ̀ mẹ́fà, ó dúró. Ó padà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí dóńgóyárò, ó ka mẹ́rin, ó tún dúró. Ìyá Bàríkísù di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó ń tẹ̀lé e. Awakọ̀ katakata pa ẹ́ńjìnnì, ó ń wò wọ́n. Ó ní sùúrù ju ọ́fíìsì lọ.

"Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí," ni Ìyá ń wí.

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "N ò rántí mọ́, Bàríkísù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí orí mi lè sinmi ni."

Mo sunkún níbẹ̀, n kò sì tijú. Nígbà tó di alásárì, awakọ̀ náà ní ọ̀gá òun ti ń pe òun. Ilẹ̀ náà ti di títì báyìí. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni Bàbá kú.

Ọ́fíìsì Ìpamọ́ Ìtàn fi lẹ́tà ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́. Wọ́n pè é ní ìṣúra ìlú. Àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìṣúra, a ká lẹ́tà náà, a fi sílẹ̀.

N kò ní kí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀, n kò ní kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe títì. Ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n jó o, kó jáde, kó dárúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó rí òrùlé tó ń jò fún ọdún kan tí kò ṣe nǹkan kan, kó jáde pẹ̀lú. Kí wọ́n rán akọ̀wé láti ilé dé ilé lọ bá àwọn àgbà tó kù, lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú bá wọn.

Ó tún ku ọ̀kan. Sàríà tí wọ́n fi bojú yẹn kò ní kí a da eérú tírà síbi tí ẹsẹ̀ yóò ti máa tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ mímọ́ ni a ń sin ín sí, tàbí kí a dà á sí odò tó ń ṣàn. Salimat bi wọ́n, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ibo lẹ da eérú náà sí? Ṣé Odò Asà ni, àbí ẹ̀yìn ọ́fíìsì, níbi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí? Ìyá Bàríkísù fẹ́ mọ̀. Ó ní inú ìwé yẹn nìkan ni ìyá òun kù sí, nítorí náà, ibi tí eérú bá wà ni òun yóò ti lọ ṣàdúà fún un. Ẹ fi ibẹ̀ hàn án.