Ọjọ́ Iṣẹ́ Kan tí Mo Ṣì Jẹ Bàbá

Kóńgò àgbàdo kan tí ìyàwó mi rà lánàá, owó rẹ̀ ju owó oṣù mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ gbà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lọ. Owó tí mo sì fi ra búrẹ́dì láàárọ̀ yìí, nígbà náà, á ra alùpùpù tuntun, á tún ṣẹ́kù fún epo. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ó ní kí n yéé ka owó tó ti kú, kí n bá òun ṣa òkúta inú àgbàdo. Bí mo ṣe ń ṣa á ni ọkàn mi padà sí abà kan láàárín Ìsẹ́yìn àti Ṣakí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, ìjọba sì rán mi lọ síbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà tuntun. Àgíríìkì ni wọ́n ń pè mí. Bàtà mi ń dán, mo sì gbà pé ohun tí n kò bá mọ̀ nípa àgbàdo, àgbàdo fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Bàbá àgbẹ̀ kan fún mi ní yàrá, ó sì yọ̀ǹda ilẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà fún mi láti fi ṣe oko àwòkọ́ṣe. Oko yẹn ni ọ̀gá mi ní Ìbàdàn máa fi díwọ̀n mi. Bó bá yọrí, wọn á fìdí mi múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá yọrí, kí n máa palẹ̀ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn ò tíì parí tán tí òjò fi rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé okùn jáde, mo nà án láti ìkángun oko dé ìkángun kejì kí poro mi lè gún régé. Ìyá, ìyàwó bàbá, dúró ó ń wò mí.

"Àgíríìkì, ṣé o fẹ́ so ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ kó má baà sá lọ ni?"

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ọ̀run. "Àkọ́rọ̀ nìyí, ọmọ mi. Òjò tó kàn wá kí wa ni, kò tíì wá jókòó. Jẹ́ kí èsúnsún fò ná."

"Bàbá, ìwé ní ká tètè gbìn."

"Ìwé náà, ṣé Òkè-Ògùn ni wọ́n ti kọ ọ́?"

Mo gbin ìdajì irúgbìn mi. Ó hù dáadáa, mo sì ń fẹlá kiri. Lẹ́yìn náà òjò lọ, kò bojú wẹ̀yìn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Oko mi gbẹ bí ewé ẹ̀kọ àná. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀gá mi gbé jíìpù dé. Níwájú gbogbo abà, ó bi mí bóyá koríko gbígbẹ ni wọ́n kọ́ wa láti gbìn ní yunifásítì, ó ní òun á padà wá nígbà ìkórè. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo abà mọ̀ sí aláwàdà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju èébú ọ̀gá lọ. Mo wọ yàrá, mo kọ̀wé pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ríṣẹ́ sí báńkì ní Èkó. Mo ní èmi náà á lọ jókòó sábẹ́ fáànù. Ọkọ̀ akẹ́rù tó máa ń kọjá lọ́jọ́ ọjà ni mo fẹ́ bá lọ.

Nígbà tí ọjà ku ọ̀la, òjò gidi dé, èsúnsún sì bo gbogbo abà. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, mo gbé àpótí mi jáde, ìwé náà wà nínú àpò ẹ̀wù mi. Kí n tó dé ojú ọ̀nà, mo rí àwọn mẹ́ta tí wọ́n ń kọ poro nínú oko mi: bàbá, léèmọ́mù abà, àti aláwàdà. Ojú tì mí láti gbé àpótí kọjá lára ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Mo gbé e kalẹ̀, mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo gba ọkọ́. Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ akẹ́rù náà nígbà tó ń kọjá, ṣùgbọ́n ta ni yóò ju ọkọ́ sílẹ̀ níwájú àwọn àgbà? A gbin irúgbìn tó kù. Nígbà tí ìyá gbé iṣu sísun dé, òógùn ti rin ìwé inú àpò mi débi pé kò ṣeé kà mọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní Ọlọ́run á san án fún wọn.

"Ọlọ́run níṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe," aláwàdà dáhùn. "Ìwọ lo máa san án. Ọ̀la, oko tèmi. Ọ̀tunla, oko léèmọ́mù. Àáró la bá ọ ṣe, kì í ṣe ọ̀fẹ́."

Mo mọ àáró nínú ìwé: ṣe fún mi lónìí, kí n ṣe fún ọ lọ́la. N kò mọ̀ pé wọ́n lè fi so èèyàn mọ́lẹ̀ ju okùn tèmi lọ. Ọwọ́ mi léròrò lóko aláwàdà. Ó wò ó, ó ní, "Ọdún tí mo kọ́kọ́ dá oko tèmi, àkọ́rọ̀ tan èmi náà jẹ. Lẹ́ẹ̀mejì."

"Lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo lágídí jù ọ́ lọ."

Lóko léèmọ́mù, léèmọ́mù fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé, "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwọ ṣubú, Èkó lò ń wò." Mo wo ẹ̀yìn lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè nípa òjò, nípa ilẹ̀, nípa ohun gbogbo tí mo ti wá kọ́ wọn.

Ó wá ku bàbá. "Bàbá, ìgbà wo ni mo máa wá sí oko yín?" Ó ní kò tíì yá. Ìkórè dé, ọ̀gá mi padà wá, ó bó àgbàdo kan wò, ó ní, "Ó dáa," ó wọ jíìpù rẹ̀. Wọ́n fìdí mi múlẹ̀. Mo tún bi bàbá. Kò tíì yá. Ọ̀gá bú mi lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà, eṣú jẹ oko mi lọ́dún kan, owó oṣù kò dé lọ́dún mìíràn. Ìgbàkígbà tí Èkó bá tún wá sọ́kàn mi, mo máa ń rántí pé mo jẹ bàbá ní ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò ní abà náà.

Nígbà tí bàbá kú, mo gbé ọkọ́ lọ bá ìyá, mo ní iṣẹ́ bàbá ṣì wà lọ́rùn mi. Ó rẹ́rìn-ín nínú omijé. "Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó ní ọjọ́ tí òun bá gbà á lọ́wọ́ rẹ, wàá lọ."

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi pè mí láti Ìbàdàn pé ọ̀gá òun bú òun níwájú èèyàn, òun fẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo bi í pé, "Ta lo jẹ ní àáró níbẹ̀?" Ó ní ṣé mo ti ń ṣarán ni. Ó wá dárúkọ obìnrin kan tó bá òun ṣe iṣẹ́ òun nígbà tí ara òun kò yá. Mo ní kó kọ́kọ́ san ìyẹn ná.

Bàbá ti lọ, ìyá náà tẹ̀lé e. Léèmọ́mù kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí. Ọ̀gá mi ti kú tipẹ́. Aláwàdà wà láyé, kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí wọ́n bá òun pè mí lórí fóònù: "Àgíríìkì, má tíì gbìn o!" Èmi náà ṣì wà. Mo ń ṣa òkúta nínú àgbàdo, mo sì jẹ bàbá ní ọjọ́ iṣẹ́ kan.